Ṣódẹkẹ́ àti Ìpín Agbára ní Abẹ́òkúta

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe lè jọ pín agbára ìṣèlú nínú ìlú kan ṣoṣo, ìlú òkèèrè ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń wá àpẹẹrẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀kan wà nítòsí.

Ṣẹ́ríkí Ìpóró, ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ẹ̀gbá Aláké, ni Ṣódẹkẹ́. Ogun tí ó ti Òwu bẹ̀rẹ̀ ti sọ igbó Ẹ̀gbá di ahoro, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì ń gbé Ìbàdàn láàárín ọmọ-ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, níbi tí ìyà ti ń jẹ wọ́n. Lámódì ni ó kọ́kọ́ fẹ́ kó wọn kúrò, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí ó débẹ̀. Ṣódẹkẹ́ ni ó kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830.

Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tó le bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ni ó ṣí wá, láti Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùrá, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ àti oyè tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Òwu tún dé lẹ́yìn wọn, wọ́n gbà wọ́n mọ́ra. Ṣódẹkẹ́ kò pa orúkọ ìlú kankan rẹ́. Ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀, ó sì ń lo Ògbóni àti Olóògun tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó kan gbogbo wọn, bí ogun àti àlejò, ni wọ́n ń gbé wá síwájú rẹ̀. Òun ni ó gba Freeman lálejò ní oṣù Kejìlá 1842, tí ó sì gba Townsend ní oṣù Kìn-ín-ní 1843. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ti Sàró dé náà rí ààyè lábẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò dé adé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà: ká ní ó jọba ni, àwọn ẹ̀ka yòókù ìbá bi í léèrè pé adé ta ni ó gbé lé orí wọn.

Ikú rẹ̀ ní 1845 ni ó fi àléébù ètò náà hàn. Orí ẹnì kan ni wọ́n gbé e lé. Kò sí oyè kan tí arọ́pò lè jókòó sí, ọdún 9 sì kọjá kí a tó fi Òkukẹ́nù jẹ Aláké ní 1854. Síbẹ̀, ìlú kò tú. Ní 1851, tí Aláké kò tíì sí, gbogbo ẹ̀ka ni ó para pọ̀ lé ogun Dàhòmì padà. Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu náà ní ìtẹ́ tiwọn lẹ́yìn náà, wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Aláké títí di òní.