Dókítà John Randle, ẹni tó fẹ́ kí ọmọ Èkó mọ ìlúwẹ̀ẹ́

Ẹni tó bá ti gbé aláìsàn lọ sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì l'Èkó lóru rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Lásìkò òjò ọdún tó kọjá, èmi àti aládùúgbò mi kan l'Ọbaníkòró gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ara rẹ̀ ń gbóná lọ sí ọsibítù kan. Ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Àwọn kan wà lórí bẹ́ńṣì, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹnì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé inú mọ́tò tó gbé e wá ni wọ́n ti fa omi sí i lára. A ṣì ń retí kó kàn wá nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta já wọlé, tí omi ń kán lára wọn. Ọmọdékùnrin kan ni wọ́n gbé dání, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ nínú ọ̀sà lápá Bàrígà ni. Àwọn nọ́ọ̀sì fi gbogbo wa sílẹ̀, wọ́n sáré lọ bá a. Kò sẹ́ni tó bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọmọ aládùúgbò mi yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, oorun ò kùn mí. Ohun tó ń yí lọ́kàn mi ni pé ká ní wọ́ọ̀dù yẹn ṣófo pàápàá, ó ṣeé ṣe kí ọmọdékùnrin yẹn má yè. Bí èèyàn ò bá mí fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan péré, ọpọlọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Láti etí omi Bàrígà dé ọsibítù yòówù, pẹ̀lú gósíló Èkó, ó ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ìyẹn ló mú mi rántí dókítà kan tó ti kú láti ọdún 1928. A máa ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ ẹni tó jẹ́. Dókítà John Randle ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún un sọ o: kì í ṣe J. K. Randle tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn l'Oníkàn ni mò ń wí. Ẹni méjì ni wọ́n. Èyí tí mò ń sọ yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó bí ìyẹn.

Ọdún 1855 ni wọ́n bí John Randle ní Regent, abúlé kan lẹ́bàá Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Bàbá rẹ̀, Thomas Randle, wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ilé ìwé gírámà ìjọ CMS ní Freetown ni ọmọ náà lọ. Lẹ́yìn náà ló kọ́ iṣẹ́ pípo oògùn ní ọsibítù ìjọba, ó sì gba Gold Coast lọ, ìyẹn Ghana òde òní, láti máa fi iṣẹ́ náà jẹun níbẹ̀.

Ẹlòmíì ì bá ní ó tó. Owó oṣù ń wọlé, iyì sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Randle kó ẹrù, ó di Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland, ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Ọdún 1888 ló jáde, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú ẹ̀kọ́ nípa oògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rò pé ọjọ́ ti lọ torí pé ẹ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ ṣírò ó wò: ọmọ ọdún 33 lọkùnrin yìí nígbà tó gboyè.

Èkó ló wá ṣiṣẹ́ sí, ní ọsibítù ìjọba amúnisìn. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun tí kò sí nínú ìwé. Dókítà aláwọ̀ dúdú tó kàwé níbi kan náà pẹ̀lú òyìnbó, tó ṣe ìdánwò kan náà, owó tirẹ̀ kéré sí ti òyìnbó, abẹ́ òyìnbó ni yóò sì máa wà. Randle ò gbà. Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí i lẹ́yìn ìyẹn: lọ́dún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba kan sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ní ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti ilẹ̀ Yúróòpù wá nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ẹ wo ìyẹn ná: ìlú tí dókítà ò tó, wọ́n tún ń ti dókítà sẹ́yìn torí àwọ̀ rẹ̀.

Ó dá dúró, ó ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀, àwọn ará Èkó sì ń rọ́ lọ bá a. Òun, Obadiah Johnson, Oguntola Sapara àti Orisadipe Obasa wà lára àwọn dókítà Yorùbá àkọ́kọ́ tí ìlú mọ̀ bí ẹní mowó. Ó lówó, ó sì di gbajúmọ̀. Lọ́dún 1890 ló fẹ́ Victoria Davies. Ìyá Victoria yìí ni Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí àwọn ará Dàhómì kó lẹ́rú, tí wọ́n wá mú dé Ìlú Ọba, tí Ọbabìnrin Victoria sì mú bí ọmọ. Ẹ̀yin náà rí i pé ọkùnrin náà ò sí lára àwọn mẹ̀kúnnù. Ó ṣeé ṣe fún un láti jókòó sí Marina, kó máa gbádùn ara rẹ̀.

Kò jókòó. Lọ́dún 1908, òun àti Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Ibí yìí ni mi ò ti ní í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá: omi tó mọ́ jẹ́ ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ fẹ́, àwọn kan sì bi í pé kí ló dé tó ń ta kò ó. Owó orí tí wọ́n fẹ́ dì mọ́ ọn ló ń bá jà. Omi ẹ̀rọ náà dé nígbẹ̀yìn, nígbà tó sì yá, ojú ọ̀pọ̀ ará ìlú kúrò lára ẹgbẹ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ìjà rẹ̀ ló jẹ.

Ṣùgbọ́n omi tún ni èyí tó jẹ. Ẹ rántí pé erékùṣù ni Èkó, ọ̀sà ló yí i ká. Ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn ń wọ̀ lọ sọ́jà, etí omi làwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Àwọn ọmọ ń bómi lọ. Láyé ìgbà náà, kò sí áńbúláǹsì tí wọ́n á pè, kò sí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn mí. Bí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, iṣẹ́ dókítà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Randle rò ó dé ibi tó yẹ. Bí ọmọ bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kò ní í di ẹni tí wọ́n ń gbé sáré wọ ọsibítù. Ó ní kí ìjọba kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ọmọ Èkó á ti máa kọ́ ọ, ohun tí gbogbo wa ń pè ní swimming pool. Ìjọba ò dá a lóhùn. Ó bá kọ́ ọ fúnra rẹ̀, owó àpò ara rẹ̀ ló ná sí i, l'Oníkàn, pẹ̀lú ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ń pè ní Love Garden. Ọdún 1928 ni adágún náà parí. Ọdún náà gan-an ni Randle kú, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 73. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí ló kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú omi rẹ̀.

Kí ló kan wọ́ọ̀dù pàjáwìrì? Ó kàn án gan-an. Lọ́dún 2003, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà gbé àlàyé kan jáde lórí ìdí tí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì fi máa ń kún, àwọn olùwádìí ṣì ń lò ó dòní. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: àwọn tó ń wọlé, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wọn nínú ilé, àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Ti ẹ̀kẹta yìí ló máa ń bíni nínú jù: wọ́n ti tọ́jú aláìsàn tán, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́ẹ̀dì nínú wọ́ọ̀dù tó kù tí wọ́n á gbé e sí, nítorí náà ibi pàjáwìrì ló máa sùn sí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì máa wojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì la máa ń pariwo, ó sì yẹ ká pariwo. Ṣùgbọ́n Randle ti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ní ọdún 75 ṣáájú ìwádìí yẹn. Kí ọmọ tó dé ọsibítù rárá ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lóde òní, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí èèyàn 300,000 ló bómi lọ káàkiri ayé lọ́dún 2021, àwọn tó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá wọn sì wà ní orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó. Ọ̀kan lára ohun tí àjọ náà ní ká ṣe ni pé ká kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ohun tí ọkùnrin wa yìí sọ náà nìyẹn.

Adágún tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó bàjẹ́, ó di ohun ìgbàgbé. Nígbà tó yá ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ilé àṣà ńlá sí Oníkàn, tí wọ́n pè ní John Randle Centre, láti máa fi ìtàn àti àṣà Yorùbá hàn. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2023, adágún sì wà nínú àwòrán rẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Oníkàn jìnnà sí ọmọ tó ń fò sínú ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, lẹ́yìn ilé ìwé.

Kí la lè ṣe? Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọmọ yín kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí omi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí ẹni tó ń rì, ẹ ju okùn, igi tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, ẹ má kàn bẹ́ sínú omi. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dà á kọ́, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ẹ máa tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíì sì pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀. Àwọn ìṣẹ́jú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọwọ́ ẹni tó wà létí omi ni wọ́n wà. Wọn ò sí lọ́wọ́ dókítà.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta yẹn ò mọ èyí. Wọ́n gbé ọmọ náà sáré, wọ́n gbìyànjú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn rí.