Gottlob Frege

Friedrich Ludwig Gottlob Frege (8 Oṣù Kọkànlá 1848 – 26 Oṣù Keje 1925) jẹ́ onímọ̀ ìṣirò àti amòye ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí baba lọ́jíìkì òde-òní.

Ìgbésí ayé àti iṣẹ́

Ìlú Wismar ni wọ́n bí i sí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Göttingen ní ọdún 1873, ó sì di olùkọ́ ní Jena. Nínú ìwé rẹ̀, Begriffsschrift (1879), ó ya èrò ní àwòrán: ìlà ìbú gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà òòró sì so ọ̀rọ̀ mọ́ ohun tí ó rọ̀ mọ́. Àwòrán náà ṣàjèjì, ó sì ń gba àyè lórí ìwé. Ìwọ̀nba ènìyàn ló kà á.

Lójú Frege, fọ́ńkíṣọ̀n jẹ́ ohun tí ó ní àlàfo. Ìgbà tí a bá fi nǹkan dí àlàfo náà ni ó tó pé. Ní 1893, ó fi hàn pé a lè sọ fọ́ńkíṣọ̀n alálàfo méjì di èyí tí ń gba ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ní 1902, nígbà tí ìdìpọ̀ kejì Grundgesetze der Arithmetik wà lọ́wọ́ atẹ̀wé, Bertrand Russell kọ lẹ́tà sí i pé ọ̀kan nínú àwọn òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń tako ara rẹ̀. Frege kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi àfikún sí ìwé náà, ó sì jẹ́wọ́ àṣìṣe náà níbẹ̀.

Ogún rẹ̀

Àmì rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbígba nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan yìí ni gbogbo fọ́ńkíṣọ̀n ń lò nínú èdè kọ̀ǹpútà Haskell lónìí.