Samori Touré àti oúnjẹ ìbọn

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn akọni kan ni a fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ìwé mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ó wà nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà. Samori Touré ni. Ó bá àwọn ọmọ ogun Faransé jà láti ọdún 1882 títí di ọdún 1898. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé jagunjagun ni Samori. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oníṣirò ni pẹ̀lú. Ìṣirò tí ó ń ṣe jálẹ̀ ogun rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: iye ìbọn tí ó yẹ kí ó ní, àti iye ọta tí ìbọn kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí a bá a ṣe ìṣirò náà.

Ọmọ oníṣòwò

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni a bí Samori ní abúlé Manyambaladugu, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gínì lónìí. Ìdílé oníṣòwò ni ìdílé bàbá rẹ̀. Ní ìgbà èwe rẹ̀, òun náà ń ṣe àjàpá. Àwọn alájàpá ìran rẹ̀ máa ń gbé obì láti inú igbó lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn ní ìhà àríwá, wọn a sì kó ọjà mìíràn bọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ yóò mọ iye tí nǹkan jẹ́, yóò mọ ọ̀nà, yóò sì mọ̀ pé ọjà tí a kò kà kí a tó gbéra lè dín kí a tó dé.

Ní ọdún 1853, ogun ìdílé Cissé kó ìyá rẹ̀, Sokhona Camara, lẹ́rú. Samori fi òwò sílẹ̀. Ó lọ sin àwọn tí ó kó ìyá rẹ̀, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọdún méje, oṣù méje àti ọjọ́ méje ni ó fi sìn wọ́n. Lọ́dọ̀ wọn ni ó ti kọ́ Kùránì. Lọ́dọ̀ wọn náà ni ó ti kọ́ ogun jíjà àti bí a ṣe ń lo ìbọn. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba rẹ̀ ń gbòòrò. Ó fi ìlú Bissandougou ṣe olú-ìlú. Ní ọdún 1881 ó gba Kankan, ìlú òwò ńlá. Ní ọdún 1882, òun àti àwọn ọmọ ogun Faransé kọ́kọ́ fojú kojú ní Kéniéra.

Ìbọn oríṣi méjì

Oríṣi ìbọn méjì ni ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Samori. Èkíní ni ìbọn àtijọ́, irú èyí tí àwa ń pè ní ṣakabùlà. Ẹnu ìbọn ni a ti ń ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. A ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, a ó sì ki ọta tẹ̀ lé e. Kí a tó tún un kì lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀tá lè ti dé. Ìbọn yìí lọ́ra, ọta rẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní ńlá kan: oúnjẹ rẹ̀ wà nílé. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ ọta rẹ̀ láti inú irin, ẹ̀tù rẹ̀ sì ṣeé gún nílé.

Èkejì ni ìbọn òyìnbó tuntun. Ọ̀kan ń jẹ́ Gras, ìkejì ń jẹ́ Kropatschek. Ìdí ni a ti ń fi ọta sínú wọn, kì í ṣe ẹnu. Ọta kan ṣoṣo ni Gras ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ní ti Kropatschek, ọ̀pọ̀ ọta ni a lè tò sínú rẹ̀, kí a sì máa yìn wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ìbọn wọ̀nyí yára, ọta wọn sì ń lọ jìnnà.

Ṣùgbọ́n ọta ìbọn òyìnbó kì í ṣe irin lásán. Idẹ ni a fi ṣe ara rẹ̀. Ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, òjé wà lórí rẹ̀, ohun kékeré kan tí ń ṣáná sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kù, ìbọn kò ní ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Bí ọta bá sanra jù díẹ̀, kò ní wọlé. Bí ìbọn yìí kò bá sì rí ọta tirẹ̀ jẹ, kò sàn ju kùmọ̀ lọ.

Samori mọ èyí. Nítorí náà kò kó ṣakabùlà dànù. Ní ọdún 1887, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó 30,000 sí 35,000, àwọn ẹlẹ́ṣin sì tó nǹkan bí 3,000. Kò sí bí ó ṣe lè bọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ ní ọta òyìnbó. Àwọn tí a ti yàn, tí a sì ti kọ́ dáadáa, ni ó ń fún ní ìbọn tuntun. Àwọn yòókù di ti àtijọ́ mú, nítorí pé oúnjẹ ìyẹn kò wọ́n. Oríire kan tún wà níbẹ̀: Gras àti irú Kropatschek tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé ń lò, ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí ó ní ìbọn oríṣi méjì tí ń jẹ ọta kan, àpò kan ni yóò kún. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń jẹ ọta oríṣi márùn-ún, àpò márùn-ún ni yóò máa wá kún.

Ibi tí ọta ti ń wá

Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni ọ̀pọ̀ ìbọn tuntun àti ọta ti ń wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe ìjọba níbẹ̀. Wúrà, eyín erin àti ẹran ọ̀sìn ni Samori fi ń rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ní ọdún 1886 àti 1887, ó bá àwọn Faransé ṣe àdéhùn àlàáfíà. Àkókò àlàáfíà yìí fún un ní àyè láti rà sí i. Àwọn Yorùbá sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Samori mọ̀ pé ogun ń padà bọ̀, ó sì ń múra sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn pa mọ́. Ogun a máa jẹ ẹṣin pẹ̀lú, ẹrú sì ni Samori fi ń ra ẹṣin ní ìhà àríwá. Bí ogun ṣe ń le sí i ni àwọn tí a ń tà ń pọ̀ sí i. Ẹni tí a kó ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní ọdún 1853 ni ó wá ń ta ìyá àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1887, ó lọ dó ti ìlú Sikasso, ní ilẹ̀ Màlì òde òní. Odi ìlú náà nípọn, Samori kò sì ní àgbá tí ó lè wó o. Ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í wó odi. Ó ju ọdún kan lọ tí ó fi wà níbẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà, ó ń ránṣẹ́ sí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó oúnjẹ wá, kí wọ́n sì wá ru ẹrù. Ó sú àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1888, wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí i, ó sì fi Sikasso sílẹ̀ láìgbà á. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ọta tí ó pọ̀ kò tó, bí kò bá ṣe irú èyí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Àwọn alágbẹ̀dẹ àti ìṣirò wọn

Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti dín títa ìbọn tuntun kù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà Freetown bẹ̀rẹ̀ sí há. Kí ni Samori ṣe? Ó yíjú sí àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀. Wọ́n tú ìbọn òyìnbó palẹ̀, wọ́n wo bí a ṣe ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ irú rẹ̀. Àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé wọ́n tó 300 sí 400. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń ṣe ìbọn 12. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń ṣe ọta 200 sí 300. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀: òòlù, ẹwìrì, iná èédú àti ọgbọ́n orí ni. Ìṣẹ́ ìyanu ni, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ wọn tí a kò kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti ìkọ̀wé wá wàyí. Àwọn òpìtàn ka ìbọn tuntun Samori sí nǹkan bí 6,000 ní ọdún 1893. Ká ní ọta 300 ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe lójúmọ́, láìsinmi. Ẹ fi 300 pín 6,000. Ogún ọjọ́ ni yóò gbà kí ìbọn kọ̀ọ̀kan tó ní ọta kan ṣoṣo. Ẹ fi 300 sọ ọjọ́ 365 di púpọ̀: ọta 109,500 ni fún odindi ọdún kan. Ẹ fi ìbọn 6,000 pín in: ọta 18 ló kan ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ogun kan lè yin ọta 18 tán kí oòrùn tó gun orí ní ọjọ́ ìjà kan.

Ẹ̀tù tí a gún nílé náà kò lágbára tó ti òyìnbó, nítorí náà ọta ilé kì í lọ jìnnà bíi ti ọ̀tá. Àwọn alágbẹ̀dẹ lè fi ìbọn 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìbọn ọba wọn lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìbọn tí ó ń pọ̀ sí i ń dín oúnjẹ ìyókù kù ni. Bí ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ ni, tí oko kò sì fẹ̀ sí i.

Ìpẹ̀kun ogun

Ní ọdún 1892, àwọn Faransé gba Bissandougou. Ní ọdún 1893, wọ́n gba àgbègbè tí ọ̀nà Freetown gbà kọjá. Ọ̀nà ọta dí. Samori kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ṣí lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀dó sí Dabakala ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire òde òní. Ilẹ̀ tí ó bá fi sílẹ̀, ó ń sun ún, kí ọ̀tá má bàa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Kò sí ọta tí ó tó láti dá ọ̀tá dúró, ebi ni ó wá fi ń dá a dúró. Ẹni tí ebi náà kọ́kọ́ pa ni àgbẹ̀ tí ó ni oko. Ní ọdún 1897, ó pa Kong run, ìlú òwò àti ìlú àwọn onímọ̀ Kùránì. Ọmọ oníṣòwò ni ó run ìlú oníṣòwò.

Ní ọdún 1898, Sikasso bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Samori padà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, sí ẹ̀bá igbó ńlá ilẹ̀ Làìbéríà. Ebi pa àwọn ènìyàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1898, àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gágun Gouraud kó lẹ́yìn mú un ní Guélémou láìjà. Wọ́n gbé e lọ sí Gabon. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1900.

Ní ilẹ̀ tiwa, Béhanzin, ọba Àbómé, ra ìbọn tuntun lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní àkókò kan náà, ogun Faransé sì ṣẹ́ òun náà. Àwọn méjèèjì nígboyà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe ọta wọn wà lókè òkun, ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Samori ni ó sapá jù láti mú ibi tí a ti ń ṣe ọta wá sílé, ó sì kù díẹ̀ káàtó fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó ní oúnjẹ. Ẹ̀rọ ìlọta ní oúnjẹ, alùpùpù ní oúnjẹ, ẹ̀rọ omi abúlé náà ní oúnjẹ. Kí a tó ra ohun kan, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni yóò máa jẹ, èló ni, ta ni ó ń tà á, ta ni yóò sì ru ìnáwó náà? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó wúwo jù nínú ìtàn Samori, nítorí àwọn tí ó ru ìnáwó ogun rẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣe ìṣirò.