Jean Piaget: Ọkùnrin tó fetí sí àṣìṣe ọmọdé

Ìlú Neuchâtel, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ni wọ́n ti bí Jean Piaget lọ́jọ́ 9, oṣù Kẹjọ, ọdún 1896. Kò tíì pé ọmọ ọdún 11 tí ìwé ìròyìn kan fi gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde nípa ológoṣẹ́ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ funfun bíi ti àfín. Ìgbín àti ìṣáwùrú ló wá gbà á lọ́kàn lẹ́yìn náà, orí wọn ló sì kọ ìwé lé tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1918.

Paris ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ní kó máa bi àwọn ọmọ iléèwé ní ìbéèrè, kó lè mọ èyí tí ọmọ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan lè gbà. Èyí tí wọ́n gbà ò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kùnà ló ń dà á láàmú, torí ó rí i pé àwọn ọmọ tó jọ jẹ́ ẹgbẹ́ sábà máa ń kùnà lọ́nà kan náà, irú èyí tí àgbàlagbà kì í ṣe. Dípò kó fagi lé ìdáhùn wọn, á jókòó tì wọ́n, á ní kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rò ó. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ìrònú ọmọdé ní ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n àgbà tó kàn kéré.

Lọ́dún 1921 ó lọ ṣiṣẹ́ ní Geneva. Ó fẹ́ Valentine Châtenay ní 1923, wọ́n sì bí Jacqueline, Lucienne àti Laurent. Ilé wá di ibi ìwádìí. Wọ́n á fi aṣọ bo nǹkan ìṣeré níṣojú ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ náà ò bá tíì tó nǹkan bí oṣù 8, kì í wá a mọ́, àfi bíi pé nǹkan ọ̀hún ti pòórá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti omi. Dá omi inú ife fífẹ̀ sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga, ọmọ ọdún 4 tàbí 5 á ní omi ti pọ̀ sí i. Tó bá tó bí ọdún 7, á ní omi àná náà ṣáà ni, ẹnikẹ́ni ò bù sí i.

Àwọn kan takò ó, wọn ò sì jayò pa. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tí wọ́n bí lọ́dún kan náà, ní Piaget ò ka èdè àti ìrànlọ́wọ́ àgbà sí tó. Vygotsky ti kú láti 1934 kí Piaget tó dá a lóhùn. Àwọn olùwádìí mìíràn náà wo ojú ọmọ ọwọ́ dípò ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọmọ ti mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ṣì wà, kó tó di pé ó lè nawọ́ wá a.

Geneva náà ló kú sí lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1980, lẹ́ni ọdún 84.