Muddy Waters: Àgbẹ̀ Oko Òwú Tó Di Bàbá Orin Blues

Lọ́sẹ̀ yìí, ìtàn olórin kan la gbé wá. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta gìtá káàkiri ayé lónìí, ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀.

McKinley Morganfield ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Mississippi, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ tètè kú, ìyá àgbà ló wá gbà á tọ́ ní oko òwú ńlá kan tó ń jẹ́ Stovall, nítòsí ìlú Clarksdale. Ọmọ yìí fẹ́ràn kó máa ṣeré nínú ẹrẹ̀, ni ìyá àgbà bá ń pè é ní Muddy, ìyẹn ẹlẹ́rẹ̀. Kò pẹ́ níléèwé rárá tó fi wọ oko.

Hàmóníkà ló kọ́kọ́ ń fọn. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó ta ẹṣin kan, ó fún ìyá àgbà ní ìdajì owó náà, ó sì fi díẹ̀ nínú ìdajì tirẹ̀ ra gìtá.

Lọ́dún 1941, Alan Lomax àti John Work gbé ẹ̀rọ wá sí oko náà láti gba orin rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà. Ìgbà tí Muddy gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù ló tó gbà pé òun náà tó olórin. Lọ́dún 1943, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ rélùwéè, ó di Chicago.

Iṣẹ́ nílé iṣẹ́ lọ́sàn-án, orin lálẹ́. Àmọ́ ariwo ilé ọtí Chicago kì í ṣe kékeré! Ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ gìtá onígi lásán níbẹ̀. Ló bá bọ́ sórí gìtá oníná. Ó kó ẹgbẹ́ jọ: Jimmy Rogers ń ta gìtá kejì, Little Walter ń fọn hàmóníkà sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, Otis Spann sì dara pọ̀ mọ́ wọn lórí píánò nígbà tó yá. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ọdún 1948, I Can't Be Satisfied, kíá ló tán lọ́jà. Nígbà tó lọ sí Ìlú Ọba lọ́dún 1958, igbe gìtá rẹ̀ ba àwọn kan lẹ́rù, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbà á. Inú orin rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Rolling Stones ti mú orúkọ wọn.

Ṣé owó wá ń wọlé bí òkìkí ṣe ń kàn? Rárá o. Muddy kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kà, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn ló ń pín owó orin. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni òun àti Willie Dixon, tó kọ púpọ̀ nínú àwọn orin náà, tó pe Arc Music lẹ́jọ́ pé wọn kò san ẹ̀tọ́ àwọn pé. Wọ́n yanjú ẹ̀ níta kóòtù.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1969, tó pa èèyàn mẹ́ta, ti sọ ọ́ di onígi ìtilẹ̀. Síbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó ń kọrin lọ. Lọ́dún 1977 ó gbé àwo Hard Again jáde, ó sì gba Grammy lé e. Mẹ́fà ni gbogbo Grammy tó gbà. Ó kú lójú oorun ní Westmont, lẹ́bàá Chicago, lọ́jọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1983.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sá kíláàsì lọ dánra wò fún orin, ẹ gbọ́ o: gìtá ló gbé Muddy dé Chicago, ṣùgbọ́n ìwé tí kò lè kà ló wà nídìí owó rẹ̀. Ẹ ta gìtá yín, kẹ́ ẹ sì kàwé yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.