Cicely Williams, Oníṣègùn Àwọn Ọmọdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó wá ṣiṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ayé ìjọba àmúnisìn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó fi ìṣe mú òwe yìí ṣẹ bí Cicely Delphine Williams. Dókítà ni obìnrin yìí í ṣe. Ìwé tí ó kọ ni ó la ojú àwọn oníṣègùn ayé sí àrùn kwashiorkor, èyí tí í pa ọmọ tí oúnjẹ kún inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí oúnjẹ náà kò ṣe ara rẹ̀ ní oore.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 1893, ni a bí i ní erékùṣù Jàmáíkà, nínú ìdílé olóko ńlá kan tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ náà. Bàbá rẹ̀ fi ìgbà kan jẹ́ olórí ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí Cicely di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe dáadáa, ó sì rí àyè ní Yunifásítì Oxford nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n ìjì líle àti ilẹ̀ ríri ti ṣe Jàmáíkà ní ibi, ó sì di dandan fún ọmọbìnrin náà láti padà lọ ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún 1916, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ni ó tó tún kọjú sí Oxford. Ogun àgbáyé kìíní ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti lọ sójú ogun, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Cicely kò jẹ́ kí àyè náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ní ọdún 1923, ó di dókítà.

Bí ogun ti parí ni àwọn ọkùnrin padà dé, iṣẹ́ sì ṣòro rí fún obìnrin tí ó jẹ́ dókítà. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní ilẹ̀ Gíríìsì. Lẹ́yìn èyí, ó kọ́ nípa àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru, ó sì bẹ ìjọba pé kí wọ́n rán òun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1929, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, èyí tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Owó oṣù tí wọ́n fún un kéré sí ti àwọn dókítà ọkùnrin, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní ìlú Accra. Níbẹ̀ ni ó ti rí àwọn ọmọ ọdún kan sí ọdún mẹ́rin tí àìsàn àràmàǹdà kan ń ṣe. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn a wú. Bí a bá fi ìka tẹ ibẹ̀, a jìn. Irun wọn a pọ́n, a sì fẹ́lẹ́. Awọ ara wọn a ṣú ní ibì kan, a sì bó ní ibòmíràn. Wọn a máa kanra, wọn a kọ oúnjẹ, wọn a sì máa sunkún láìní agbára. Bí a kò bá tètè tọ́jú wọn, ikú ni í gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà ṣòro ni pé ara wíwú náà a máa tan ènìyàn jẹ, tí ọmọ tí ebi ń pa kú lọ a fi dà bí ọmọ tí ó sanra.

Àwọn kan ka àìsàn yìí sí aràn, àwọn mìíràn sì kà á sí àrùn tí ọmọ bá wá láti inú ìyá rẹ̀. Dókítà Williams kò gba èyíkéyìí nínú wọn gbọ́ lásán. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe ni ó ṣe: ó jókòó ti àwọn ìyá àwọn ọmọ náà, ó sì bi wọ́n léèrè. Àwọn ìyá ti mọ àrùn náà tipẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Gáà. Kwashiorkor ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àìsàn tí í ṣe ọmọ àgbà nígbà tí wọ́n bá bí àbúrò lé e. Nínú orúkọ yìí ni ìdáhùn wà. Nígbà tí ìyá bá lóyún mìíràn, a gba ọmú lẹ́nu ọmọ ti tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ àgbàdo ni ọmọ náà yóò máa jẹ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́.

Ẹni tí ó bá mọ bí a ti í fi ògì wo ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá yóò tètè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ògì kò burú. Ó ń fún ara ní okun. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran tàbí wàrà kún un, kò ní èròjà tí ó tó láti fi mọ ara ọmọ tí ń dàgbà. Oúnjẹ amúaradàgbà ni a ń pe irú èyí. Inú ọmọ lè yó, kí ara rẹ̀ sì máa wó lulẹ̀.

Dókítà Williams wá ẹ̀rí sí ohun tí ó rò. Nígbà tí ọmọ bá kú, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń la òkú náà láti yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì rí i pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ gé níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, oró wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí òun náà kú. Bí ara rẹ̀ ti yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní ọdún 1933, ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọmọdé. Ó ṣàlàyé pé àìsàn oúnjẹ ni, ó sì so ó mọ́ oúnjẹ àgbàdo tí àwọn ọmọ náà ń jẹ. Bóyá àìtó èròjà amúaradàgbà ni, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ògbóǹkangí ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Wọ́n ní àrùn pellagra tí í ṣe àwọn tí ń jẹ àgbàdo ni, kì í ṣe ohun tuntun. Obìnrin náà kò gbójú sílẹ̀. Ó fi hàn pé ibi tí oòrùn ti ń pa ara ni pellagra ti í mú awọ, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀, ara wọn a sì tún máa wú. Ní ọdún 1935, ó tún kọ ìwé mìíràn, ó sì fi orúkọ tí àwọn ìyá ní Accra fún àrùn náà ṣe àkọlé rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Gáà ṣe wọ inú ìwé ìṣègùn gbogbo ayé.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni ó ń fi tọ́jú ọmọ. Ó gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá wo ọmọ sàn lónìí, tí ó sì dá a padà sínú ipò tí ó mú un ṣàìsàn, omi inú agbọ̀n ni ó ń pọn. Nítorí náà ni ó fi ń kọ́ àwọn ìyá ní bí a ti í ṣe oúnjẹ ọmọ, tí ó sì ń yẹ àwọn ọmọ tí ara wọn le wò kí àìsàn tó dé. Èrò rẹ̀ kò bá ti àwọn ọ̀gá rẹ̀ mu ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1936, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Màláyà.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ó gbà ń pa ọmọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ wàrà ti rán àwọn obìnrin tí wọ́n múra bíi nọ́ọ̀sì láti máa yí àwọn ìyá lérò padà, kí wọ́n fi wàrà inú agolo rọ́pò ọmú. Ṣúgà pọ̀ nínú wàrà náà, kò sì ní àwọn fítámì tí ojú àti egungun ọmọ ń fẹ́. Omi tí a fi ń pò ó pẹ̀lú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1939, wọ́n pè é kí ó wá bá àwọn ènìyàn ńlá sọ̀rọ̀ ní Singapore. Ó sọ fún wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìpànìyàn ni kí a ka ikú àwọn ọmọ tí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń fà sí, kí a sì fi ìyà jẹ àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì.

Ogun àgbáyé kejì dé bá a ní Màláyà. Ní oṣù Kejì, ọdún 1942, Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáànù, wọ́n sì kó òun pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn sí àtìmọ́lé ní Changi. Ó lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ológun tilẹ̀ mú un lọ fún oṣù mélòó kan, wọ́n tì í mọ́ yàrá tóóró láàárín àwọn tí ń kú lọ. Àrùn beriberi, tí í ṣe àìsàn àìtó fítámì, mú òun náà. Síbẹ̀, nínú ìyà yìí, ogún ọmọ ni a bí ní àgọ́ náà. Gbogbo ogún ni ìyá wọn fi ọmú wò, gbogbo ogún ni ó sì yè.

Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1948, ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí ẹ̀ka ìlera ìyá àti ọmọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní ọdún 1950, àjọ náà àti àjọ oúnjẹ àgbáyé rán ènìyàn méjì yí ilẹ̀ Áfíríkà ká, wọ́n sì rí kwashiorkor káàkiri. Nígbà náà ni àwọn tí ó ti ń bá a jiyàn wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe àsọdùn.

Láti ọdún 1951 títí di ọdún 1953, ó ṣe ìwádìí ní Jàmáíkà lórí àìsàn èébì kan tí ń pa ọmọdé ní kíákíá. Èso iṣin wà nínú ọ̀ràn náà. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé igi náà dé Jàmáíkà ní ayé òwò ẹrú, àwọn àgbà Yorùbá sì mọ̀ tipẹ́ pé iṣin tí kò bá là fúnra rẹ̀ kò ṣe é jẹ. Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ ní erékùṣù náà yọ májèlé kan jáde láti inú rẹ̀, èyí tí í mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dínkù lójijì.

Iṣẹ́ tí Dókítà Williams bẹ̀rẹ̀ kan ilẹ̀ wa náà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ń wọn àwọn ọmọ ní Imèsí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí páálí kí ìyá lè tètè mọ̀ bí ọmọ rẹ̀ kò bá dàgbà bí ó ti yẹ. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti ọdún 1967 títí di ọdún 1970, gbogbo ayé rí àwòrán àwọn ọmọ tí kwashiorkor mú, orúkọ náà kò sì tún ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Obìnrin náà kọ́ni ní yunifásítì ní Beirut láti ọdún 1959 títí di ọdún 1964, ó sì ń rin ìrìn-àjò káàkiri títí ó fi darúgbó. Ó ṣe ojú rẹ̀ ní ọdún 1981 nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òfin lélẹ̀ nípa bí a ti gbọ́dọ̀ ta wàrà àtọwọ́dá fún ọmọ ọwọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, ọdún 1992, ó kú ní Oxford, ó sì jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Àwọn onímọ̀ òde òní ti rí i pé kwashiorkor ju àìtó èròjà amúaradàgbà nìkan lọ. Àrùn àti ipò ìfun ọmọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n sì tún ń rí ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ mìíràn, àwọn tí oúnjẹ dídùn àti ohun mímu olóṣúgà ti mú sanra ju bí ó ti yẹ lọ. Àìsàn méjèèjì jọ ń jẹ́rìí sí ohun tí Cicely Williams fi ayé rẹ̀ wí: ohun tí a fi sínú abọ́ ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo bí inú rẹ̀ ti kún tó. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ń lé ebi lọ ni ó ń gbé ọmọ ró.