Anna Hinderer: Olùkọ́ Tí Ó Múra Sílẹ̀

Ibi kíkà: Òwe 22:6, Timoteu Kejì 2:1-2, 15

Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ mú ìhìn rere wá sí Ìbàdàn, a kò lè fi orúkọ Anna Hinderer sílẹ̀. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán òun àti ọkọ rẹ̀, Àlùfáà David Hinderer. Wọn kì í ṣe Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ìgbé ayé obìnrin yìí kọ́ gbogbo ẹni tí ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ ní ẹ̀kọ́ pàtàkì.

Ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i ní ọdún 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní ìlú Lowestoft. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó fi tọ aya àlùfáà ìjọ wọn lọ, tí ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní kíláàsì kan ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni a fi lé e lọ́wọ́. Kò fojú kéré wọn. Ó ń kọ́ wọn títí iṣẹ́ náà fi gbòòrò, tí ó sì ń kó àwọn ọmọ tálákà tí kò ní alábòójútó jọ. Kò mọ̀ pé Ọlọ́run ń fi àwọn ọmọ wọ̀nyí pèsè òun sílẹ̀ fún Ìbàdàn.

Ní October 1852 ni ó ṣe ìgbéyàwó. Ní April 1853 òun àti ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìlú àwọn jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn kàwé. Wọ́n rò pé ìwé yóò sọ ọmọ di ojo. Ṣùgbọ́n Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin. Anna kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀. Ó kọ́ wọn ní ìwé, orin àti ìránṣọ, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń kọ́ ọmọ. Ìyá ni wọ́n sì ń pè é.

Ìdánwò ńlá dé ní ọdún 1860, nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Èkó dí. Owó àti ẹrù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, àìsàn sì ń bá wọn jà. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Ìjàyè fọ́ ní ọdún 1862, síbẹ̀ ọ̀nà kò là. Ọdún 1865 ni Gómìnà Glover rán Ọ̀gágun Maxwell láti Èkó láti gba inú igbó wá mú wọn jáde. Anna padà wá sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le mọ́. Ní ọdún 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀, ó sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní June 1870. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ náà bá a kú bí? Rárá. Daniel Olúbi, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá wọn gbé láti ìgbà èwe rẹ̀, ni ó gba iṣẹ́ náà. A fi í joyè díákónì ní ọdún 1871, ó sì ṣe olórí ìjọ Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Samuel Johnson, tí ó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ti gbé nínú ọgbà ìjọ náà ní kékeré. Ó sì di olùkọ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1866. Àwọn ọ̀dọ́ tí a ti múra sílẹ̀ ni ó di ìjọ mú nígbà tí òyìnbó kò sí mọ́.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Àwa tí a wà ní Ajíbọ́dẹ àti ní àwọn abúlé Akínyẹlé mọ̀ pé àgbẹ̀ tí yóò gbin àgbàdo kì í dúró de òjò àkọ́rọ̀ kí ó tó ṣán oko. Síbẹ̀ àwọn olùkọ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ti ń ṣí ìwé ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mọ olùkọ́ tí ó múra, wọ́n sì mọ èyí tí kò múra. Bí ebi ẹ̀kọ́ bá ń pa wọ́n lọ́dọ̀ wa, wọn yóò wá a lọ síbòmíràn.

Ìmúrasílẹ̀ ọ̀nà méjì ni a rí nínú ìgbé ayé Anna Hinderer. Èkíní, ó pèsè ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ kékeré kí ó tó dé inú èyí tí ó tóbi. Èkejì, ó pèsè àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó kọ́ni dáradára ṣùgbọ́n tí kò ní ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́.

Fún ìjíròrò

1. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí múra ẹ̀kọ́ rẹ̀? Kí ni ìdí?
2. Bí gbogbo olùkọ́ ìjọ wa bá ṣípò padà lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ wo ni ó lè gba iṣẹ́ náà?
3. Kí ni kíláàsì yìí lè ṣe láti ran àwọn tí ń tọ́ ẹgbẹ́ R.A. àti G.A. lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa múra sílẹ̀ dáradára?